Kànga Kẹtàdínlógún

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì lọmọ náà wọlé,
ẹrẹ̀ Òkè-Bàálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀,
ó gbé àpótí ike tí yìnyín wà nínú rẹ̀.
Ó ní Fadérera lorúkọ òun,
yunifásítì ló rán òun,
òun ń bu omi kànga àdúgbò,
òun sì ń tọrọ èékánná.

Mo ní, "Kí lo wí?"
"Èékánná ẹsẹ̀ yín, Màmá. Ti àwọn ọmọ náà."

Ẹ bá mi gbọ́ o.
Èmi tí ìyá mi kọ́ pé kí n máa sun èékánná,
kí n máa da irun orí mi sí ṣáláńgá
kí ọwọ́ ayé má baà tó o,
àjèjì wá na àpò ọ̀rá pẹ́ńpẹ́ sí mi,
ó ní kí n gé ara mi sí i!

Mo lé e. Ó padà wá ní Sátidé.
Mo tún lé e. Ó padà, ó jókòó, ó bá mi ṣa ẹ̀wà,
kò tilẹ̀ dárúkọ èékánná.
Múnírù ló béèrè, ọmọ ọmọ mi,
ọmọ ọdún mẹ́fà tí inú ń run lálaalẹ́,
tí tíṣà ní ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí,
tí mo ti rọ lágbo títí tí agbo fi sú èmi gan-an.

Nígbà náà ni mo dìde lọ mú bíléèdì.

Oṣù mẹ́ta. Òjò bẹ̀rẹ̀.
A ti mọ ẹni tí a ó dá lẹ́bi ná:
ṣebí gbogbo wa là ń wo Ọ̀ṣun bó ṣe ń pọ́n bí omi amọ̀
látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè odò.
Mo ti to èpè sẹ́nu dè wọ́n.

Fadérera dé tòun ti bébà.
Ó ní odò ní ẹjọ́ tirẹ̀, wọn ò tíì kà á tán.
Ṣùgbọ́n kànga kẹtàdínlógún, tiyín nìyẹn, Màmá,
òjé wà níbẹ̀,
òjé wà nínú èékánná Múnírù,
kì í ṣe odò ló gbé e wá.

Òjé tí mo mọ̀, ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá baba mi ni,
funfun, tútù. Mo máa ń fi ahọ́n kàn án.

Ó wo ẹ̀yìnkùlé. "Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Làmídì, ọkọ mi tó ti sùn,
ọdún mọ́kànlá lo fi fọ́ bátìrì mọ́tò lábẹ́ igi ọsàn yẹn,
o da omi kíkan rẹ̀ sílẹ̀,
o yọ́ òjé nínú ìkòkò irin, ó ń dán bí ojú ẹja.
Igi ò so mọ́. A ní ayé ló gàn án.
Òjé yẹn ló sanwó ilé-ìwé Kúdírátù,
òun ló ra páànù tó bò wá lórí.
Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Èpè tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e mì.
Ta ni kí n ṣẹ́ ẹ fún?

Fadérera ń fi bébà fẹ́ ara rẹ̀, òógùn bò ó.
"Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọn òjé," ó ní,
"wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún èèyàn."
Èmi ni mo wá bu omi fún un mu. Omi inú ọ̀rá.

Ìgbọ̀nà la ti ń pọnmi báyìí. Ó jìnnà.
Páànù ògbólógbòó bo kànga, òkúta wà lórí rẹ̀.
Èékánná tí mo ń sun láti kékeré,
mo ń tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì, di ọdún tó ń bọ̀
tí ọmọ náà yóò tún wá wò ó bóyá òjé ti ń fà sẹ́yìn.
Múnírù ló ń kọ ọjọ́ sí i lára.
Ó ṣì ń kọ méje kó kọ ẹ̀yìn síni.